Òtítọ́ Dé Ọjà, Ó Kùtà

Òtítọ́ dé ọjà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ ni wọ́n ń ra èké. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1893, nílùú Los Angeles, ọkùnrin ẹni ọdún 59 kan tí kò ní apá ọ̀tún dìde láti bá àpérò ńlá kan sọ̀rọ̀. Bíbomi rin oko ni wọ́n tìtorí rẹ̀ pé jọ. Àwọn tó ń ta ilẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn tó ń gbẹ́ ipa omi wà níbẹ̀, olóṣèlú náà ò gbẹ́yìn. Ohun tí gbogbo wọn fẹ́ gbọ́ ni pé omi pọ̀ ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, kí olúkúlùkù ṣáà lọ ra ilẹ̀ tirẹ̀. Bàbá yìí wò wọ́n, ó ní omi tó wà kò tó ilẹ̀ tí wọ́n ń tà, pé ìjà àti ẹjọ́ ni wọ́n ń kó jọ de àwọn ọmọ wọn. Wọ́n hó lé e lórí. Kò tó ọdún kan lẹ́yìn náà tó fi kúrò lórí àga ọ̀gá iléeṣẹ́ ìjọba tó ti jókòó lé láti 1881.

John Wesley Powell ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Méjọ̀ ni tolórí tẹlẹ́mù ń pè é títí ó fi kú, nítorí ipò yẹn ló wà nígbà tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ológun. Ìgbésí ayé rẹ̀ ni mo fẹ́ fi gba ẹ̀yin kan nímọ̀ràn: ẹ̀yin tí ẹ bọ́ káákì sílẹ̀, tí ara yín ṣì le, tí ìjọba tún wá nawọ́ sí yín pé kí ẹ wá ṣe olórí àjọ tó ń rí sí odò, igbó, pàǹtí tàbí àgbàrá. Bí ẹnu iṣẹ́ ọlọ́pàá tàbí ti aṣọ́bodè lẹ ti fẹ̀yìn tì, ẹ sún mọ́bí, ọ̀rọ̀ náà kàn yín.

Ohùn ló máa ń kọ́kọ́ ṣi irú èèyàn bẹ́ẹ̀ lọ́nà. Ẹni tó ti fi ogún ọdún sọ pé "ẹ tò," tí gbogbo bárékè ń tò, yóò rò pé gọ́tà náà yóò gbọ́ bí òun bá jágbe mọ́ ọn. A ti rí i nílẹ̀ yìí. Láàárín 1984 sí 1985, nígbà ìjọba Bùhárí àti Ìdíàgbọn, sójà dúró sí ojú pópó pẹ̀lú ètò WAI, ìyẹn ogun lòdì sí ìwà àìníjàánu, àwọn èèyàn to ìlà, wọ́n gbálẹ̀, wọ́n gé koríko. Ìmọ́tótó oṣooṣù kúkú wà lẹ́yìn tí wọ́n lọ tán, ní Sátidé tó máa ń kẹ́yìn oṣù, tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ jáde kó tó di aago 10 àárọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ gbé Èkó nígbà yẹn yóò rántí bó ṣe rí. Wọ́n á kó ẹrẹ̀ dúdú jáde nínú gọ́tà, wọ́n á wọ́ ọ jọ sí etí gọ́tà kan náà, wọ́n á máa retí ọkọ̀ tó yẹ kó wá gbé e. Bí ọkọ̀ bá pẹ́ títí òjò Mọ́ńdè fi rọ̀, inú gọ́tà ni ẹrẹ̀ ń padà sí. Ní oṣù kọkànlá 2016 ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fagi lé ọjọ́ ìmọ́tótó náà. Àṣẹ lè mú kí èèyàn kó ẹrẹ̀ jáde. Ọkọ̀, awakọ̀, epo, ibi tí wọ́n máa dà á sí àti owó oṣù ló ń gbé e lọ. Iṣẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba nìyẹn, a kì í kọ́ ọ ní pápá ìyan.

Ẹ jẹ́ ká wo bí Powell ṣe kọ́ tirẹ̀. Ọdún 1834 ni wọ́n bí i ní ìpínlẹ̀ New York. Oníwàásù Mẹ́tọ́díìsì ni bàbá rẹ̀. Ẹ ò ní bi mí léèrè mọ́ ibi tí orúkọ ọmọ ti wá. Nígbà tí wọ́n kó lọ sí Jackson ní ìpínlẹ̀ Ohio, bàbá ń wàásù pé òwò ẹrú kò dára, àwọn ọmọ iléèwé sì ń fi ọmọ san gbèsè bàbá, òkúta ni wọ́n ń sọ lù ú. Wọ́n yọ ọ́ kúrò níléèwé náà. George Crookham, aládùúgbò wọn kan tó mọ tewé tòkúta, ló gbà á sọ́dọ̀ tó ń kọ́ ọ, tó ń mú un rìn kiri inú igbó.

Nígbà tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà bẹ́ ní 1861, ó wọṣẹ́ sójà láti ìsàlẹ̀ pátápátá. Kò pẹ́ tó fi di ọ̀gá àwọn tó ń yin àgbá. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹrin 1862, ní Shiloh, ó na ọwọ́ ọ̀tún sókè láti fi ṣe àmì fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé kí wọ́n yìn ín, ni ọta bá wọ ọwọ́ náà. Àwọn dókítà gé e. Ìrora ibẹ̀ kò tán lára rẹ̀ títí ọjọ́ ogbó. Síbẹ̀ ó padà sójú ogun, ó sì wà ní Vicksburg ní 1863. Inú kòtò tí wọ́n gbẹ́ láti fi sá fún ìbọn níbẹ̀ ló ti ń ṣa ìkarahun àtayébáyé tó ti di òkúta, tó ń kó wọn pamọ́.

Mo fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀ níbi ìkarahun yẹn. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ọkùnrin yìí kò dúró di ọjọ́ tí wọ́n máa fi ìwé ìfẹ̀yìntì lé e lọ́wọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ronú ohun tó máa ṣe. Nígbà tó kúrò nínú iṣẹ́ ológun ní oṣù kìíní 1865, kò pẹ́ tó fi di olùkọ́ ìmọ̀ ilẹ̀ àti òkúta ní Bloomington, ní Illinois, torí iṣẹ́ náà ti ń bá a gbé nínú kòtò ogun. Ẹni tó bá ku ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin fún un lẹ́nu iṣẹ́ ológun lónìí, tó sì mọ̀ pé ọkàn òun fà sí ọ̀rọ̀ àyíká, kó wá ìwé kà. Kó forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ ní yunifásítì tó bá sún mọ́ bárékè. Kó lọ jókòó ti àwọn tó ń wọn òjò ní ibùdó ojú ọjọ́, kó mọ bí wọ́n ṣe ń ka ìwọ̀n. Àga olórí àjọ kò ní kọ́ ọ. Àwọn tó yí àga náà ká yóò máa pè é ní "ọ̀gá" láàárọ̀ lálẹ́, kò sì ní sí ẹni tó máa sọ fún un pé kò mọ ohun tó ń fọwọ́ sí.

Ìrìn àjò tó sọ Powell di gbajúmọ̀ wáyé ní 1869. Àfo ńlá kan wà lórí máàpù Amẹ́ríkà nígbà náà, níbi tí odò Colorado ti ń gba inú àfonífojì jíjìn kọjá. Ní ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún, òun àti àwọn ọkùnrin mẹ́sàn-án gbéra láti Green River ní Wyoming nínú ọkọ̀ mẹ́rin, pẹ̀lú oúnjẹ oṣù mẹ́wàá. Kò tó oṣù kan tí ọ̀kan nínú ọkọ̀ náà fi fọ́ túútúú mọ́ òkúta. Àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn gíga ilẹ̀ wà nínú rẹ̀, ọkàn Méjọ̀ sì gbọgbẹ́ nítorí wọn. Ọjọ́ kejì, àwọn ọmọkùnrin náà já wọnú omi, wọ́n gbé ẹ̀rọ náà jáde, wọ́n sì gbé nǹkan míì mọ́ ọn: àgbá ọtí kékeré kan tí ọ̀gá kò mọ̀ rárá pé ó wà nínú ọkọ̀. Ó jọ pé ìfẹ́ ọtí ló gba ẹ̀rọ là.

Lọ́jọ́ kan, òun àti George Bradley, ọ̀kan nínú àwọn tó bá a lọ, ń gun àpáta láti wo bí ilẹ̀ ṣe tẹ́. Powell fò láti ibi kan sí èkejì, ó fi ọwọ́ òsì di ẹnu òkúta mú, àfi bó ṣe rí i pé òun kò lè lọ sókè, òun kò sì lè padà sísàlẹ̀. Ọwọ́ kejì tí ì bá fi wá ibòmíràn dì mú kò sí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń gbọ̀n. Bradley wà lórí òkè, ó wo ọ̀tún wo òsì, kò rí igi, kò rí okùn. Ló bá bọ́ ṣòkòtò àwọ̀tẹ́lẹ̀ rẹ̀ gígùn, ó nà án sísàlẹ̀ sí ọ̀gá rẹ̀. Powell ní láti kọ́kọ́ jọ̀wọ́ òkúta tó dì mú, kó fẹ̀yìn dà sí ọ̀gbun, kó tó lè gbá ṣòkòtò náà mú. Ó jọ̀wọ́ rẹ̀, ó gbá a mú, Bradley sì fà á gòkè.

Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Powell nìkan kọ́ ni òwe yẹn bá wí. Mo ti rí ọ̀gá ológun tó dé iléeṣẹ́ ìjọba tó rò pé gbogbo ẹni tó wà lábẹ́ òun ni yóò kí òun bí sójà ṣe ń kí ọ̀gá, tí akọ̀wé kékeré kan sì dá fáìlì dúró sí ojú kan fún oṣù mẹ́fà láìjágbe mọ́ ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń sọ pé "ó wà lórí tábìlì wọn, sà." Irú akọ̀wé bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ Bradley yín bí ẹ bá mọ̀ ọ́n bá gbé, torí òun ló mọ ibi tí ìwé adágún omi ọdún 1970 sí 1979 wà, òun ló mọ ẹni tó gba ìwé àṣẹ ìkọ́lé lójú àgbàrá. Ẹ kí i. Ẹ mọ orúkọ ọmọ rẹ̀. Bí ẹ bá wá di ibi tí ẹ ti ní láti jọ̀wọ́ ohun tí ẹ dì mú kí ẹ lè gba ìrànlọ́wọ́ rẹ̀, kó má jẹ́ ìgbà yẹn lẹ máa ṣẹ̀ṣẹ̀ bi í ní orúkọ.

Ká padà sórí odò Colorado. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ, oúnjẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, omi tó ń ru gùdù kan sì tún wà níwájú wọn tó burú ju àwọn ti ẹ̀yìn lọ. Mẹ́ta nínú wọn ní àwọn kò lọ mọ́, àwọn yóò fẹsẹ̀ rìn gba orí òkè jáde. Ẹ̀yin tí ẹ ti jẹ ọ̀gá sójà mọ orúkọ tí wọ́n ń pe irú èyí lójú ogun, ẹ sì mọ ìyà rẹ̀. Powell kò yọ ìbọn sí wọn. Ó mọ̀ pé ogun ti parí láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, pé àwọn wọ̀nyí kò búra fún òun. Ó bá wọn sọ̀rọ̀ lóru, ọ̀rọ̀ náà kò wọ̀, ó sì jẹ́ kí wọ́n mú ìbọn wọn lọ pẹ̀lú àlàáfíà. Wọ́n pa àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lókè lọ́hùn-ún, àwọn òpìtàn sì ń jiyàn di òní lórí ẹni tó pa wọ́n. Ní ọjọ́ 30, àwọn tó kù wa ọkọ̀ jáde síbi tí odò Virgin ti wọ Colorado.

Ibi tí mo ti ń bá Méjọ̀ jà ni ibi ìwé tó kọ lórí ìrìn àjò yẹn, tó jáde ní 1875. Ó tún lọ sórí odò náà láàárín 1871 sí 1872 pẹ̀lú àwọn ẹlòmíì, àwọn tó ya máàpù àti fọ́tò, iṣẹ́ wọn sì pọ̀. Nígbà tó kọ̀wé, ó kó ìrìn àjò méjèèjì pọ̀ bí ẹni pé ọ̀kan ṣoṣo ni, ó sì yọ orúkọ àwọn tó bá a lọ lẹ́ẹ̀kejì kúrò. Frederick Dellenbaugh, tó jẹ́ ọmọ ọdún 17 nígbà tó ń wa ọkọ̀ fún un, ló kọ ìwé tirẹ̀ ní 1908 láti sọ ohun tí àwọn yòókù ṣe. Iṣẹ́ ológun ti mọ́ ọ̀pọ̀ lára pé orúkọ ọ̀gá ni wọ́n fi ń pe ogun tí a bá ṣẹ́. Nínú iṣẹ́ ìjọba, ọmọ tí ẹ bá yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìròyìn ọdún yìí kò ní pa yín lẹ́kún, àmọ́ kò ní tọ́jú ìwé ìwọ̀n omi dáadáa lọ́dún tó ń bọ̀. Ó sàn kí orúkọ pọ̀ lẹ́yìn ìwé ju kí iṣẹ́ kéré nínú rẹ̀.

Powell fúnra rẹ̀ gbọ́n nígbà tó yá. Nígbà tó gbé ìròyìn ńlá rẹ̀ lórí ilẹ̀ gbígbẹ jáde ní 1878, ó fún Gilbert, Dutton àti Thompson, àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́, ní orí tiwọn nínú rẹ̀, orúkọ wọn sì wà níbẹ̀ gbangba.

Ìròyìn yẹn ni ọkàn gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà náà, òfin 1862 ń fún ẹni tó bá fẹ́ dáko ní éékà 160. Àwọn èèyàn sì ń kọrin síra wọn létí pé òjò máa ń tẹ̀ lé ohun èlò ìtúlẹ̀, pé bí àgbẹ̀ bá ti dé, ojú ọ̀run yóò ṣí. Powell ní irọ́ ni. Ó fi ìlà kan hàn wọ́n tó gba àárín Amẹ́ríkà láti àríwá sí gúúsù, ó ní láti ibẹ̀ lọ sí ìwọ̀-oòrùn, òjò ọdún kan kì í sábà tó 20 ínṣì, àgbẹ̀ tí kò bá bomi rin oko yóò kàn máa fi ọdún tó dára tan ara rẹ̀ jẹ ni. Ẹ fi wé Ìbàdàn tó ń rí ju ìlọ́po méjì rẹ̀. Ó wọn ilẹ̀ Utah, ó ní ibi tí omi lè débẹ̀ kò tó 3 nínú 100. Nítorí náà, éékà 160 pọ̀ jù fún ẹni tó ní omi, 80 tó o. Ó sì kéré jù fún ẹni tó ń da màlúù níbi tí omi kò sí, kí wọ́n fún un ní 2,560. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ó tún ní kí àwọn tó ń mu láti odò kan náà jọ jókòó ṣe òfin lórí rẹ̀, kí ààlà ìṣàkóso máa tẹ̀ lé ibi tí omi ń ṣàn gbà, kó má tẹ̀ lé rúlà tí ẹnì kan fi fa ìlà ní Washington. Ọ̀dọ̀ àwọn ìjọ Mọ́mọ́nì ní Utah ló ti rí bí wọ́n ṣe ń jọ gbẹ́ ipa omi tí wọ́n sì ń pín in. Ó fi ojú rí i kó tó kọ ọ́.

Ẹni tó bá ń ṣe olórí àjọ odò nílẹ̀ wa kò ní láti lọ sí Amẹ́ríkà kó tó mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Odò Ògùnpa sọ tirẹ̀ fún Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980, nígbà tó kún tó sì kó èèyàn àti ilé lọ, torí a ti kọ́lé sí ojú ọ̀nà rẹ̀, a sì ti fi pàǹtí dí ọ̀nà tó kù. Bí wọ́n bá ṣí omi ìdídò Ọ̀yán ní ìpínlẹ̀ Ògùn, àwọn ará Ìṣẹ́rì àti Ajégúnlẹ̀ ní ọ̀nà Ìkòròdú ló ń kó ẹrù sórí tábìlì. Omi kò mọ ìgbà tí òun ré ààlà Ògùn wọ Èkó. Èrò tó wà lẹ́yìn àjọ odò Ògùn àti Ọ̀ṣun tí ìjọba ológun dá sílẹ̀ ní 1976, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Abẹ́òkúta, kò jìnnà sí ti Powell: odò kan, ilé kan, ìwé kan. Ibi tí ó kù sí ni pé ẹni tó ń fọwọ́ sí ilé lójú àgbàrá kì í ṣe ẹni tó ń ka òṣùwọ̀n omi. Bí wọ́n bá gbé yín dé ibẹ̀, ẹ kọ́kọ́ lọ rìn. Ẹ wọ bàtà òjò, ẹ rin etí odò náà láti ìsun rẹ̀ dé ibi tó ti wọ ọ̀sà, bó tiẹ̀ gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ológun ni yín, ẹ mọ ìrìn. Ó wà lára ohun díẹ̀ tí ẹ mọ̀ ju gbogbo àwọn tó wà nínú ọ́fíìsì yẹn lọ. Bí a bá rí erin, ká sọ pé a rí erin. Ẹni tí kò rí i ló ń sọ pé òun rí nǹkan fìrí.

Ní 1881 ni wọ́n fi Powell ṣe ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń wọn ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Mi ò ní pẹ́ lórí àwọn ọdún tó dára. Ó ya máàpù, ó gba àwọn ọ̀mọ̀wé síṣẹ́, ó mọ bí a ṣe ń bá àwọn aṣòfin jẹun. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀dá ńlá tó jà ní ìwọ̀-oòrùn. Ní 1888, ilé aṣòfin ní kó lọ wá gbogbo ibi tí omi lè dé, kí wọ́n mọ ibi tí wọ́n máa dí odò. Òfin yẹn ní nǹkan kan nínú tí ọ̀pọ̀ kò kà dáadáa: títí Powell yóò fi wọn ilẹ̀ náà tán, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbà á. Ní 1889 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo apá yẹn. Ilẹ̀ ìwọ̀-oòrùn tì pa nítorí ìwé ọkùnrin kan tí ìwọ̀n rẹ̀ lè gba ọ̀pọ̀ ọdún. Sẹ́nẹ́tọ̀ William Stewart láti Nevada, tó ti jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, yí padà di ọ̀tá. Ní 1890, wọ́n ṣí ilẹ̀, wọ́n sì gé owó tí wọ́n ń fún un fún iṣẹ́ omi náà dànù.

Powell tọ̀nà lórí omi, gbogbo ayé ló ti gbà bẹ́ẹ̀ báyìí. Lójú tèmi ṣá o, kò tọ̀nà lórí ẹni tó ń retí omi. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Àmọ́ ẹni tí ebi ń pa kò ní dúró kí ọbẹ̀ tutù pátápátá. Ó fẹ́ wọn gbogbo rẹ̀ tán kó tó sọ̀rọ̀, bí ọ̀gá ogun tó fẹ́ mọ gbogbo ipa ọ̀tá kó tó pàṣẹ. Bó bá jẹ́ pé odò kan péré ló kọ́kọ́ wọ̀n, tó ṣí ilẹ̀ ibẹ̀, tí àgbẹ̀ ibẹ̀ kórè, Stewart ì bá máà rí ẹni tẹ̀ lé e tó bẹ́ẹ̀. Bí ìjọba bá fún yín ní agbára tó pọ̀ ju àwọn tó wà lẹ́yìn yín lọ, ẹ dá díẹ̀ padà fúnra yín. Ẹ ní kí gómìnà jẹ́ kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìjọba ìbílẹ̀ kan. Ilé tí ẹ bá máa wó lójú àgbàrá, ẹ rí i pé ibi tí onílé yóò sùn ti wà kí katapílà tó dé. Kódà kí ẹ ní lẹ́tà ilé ẹjọ́ lọ́wọ́, ẹkún ìyá àgbà kan lójú tẹlifíṣọ̀n yóò ju lẹ́tà yín lọ.

Mo tún fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ọkùnrin yìí, pẹ̀lú gbogbo ọgbọ́n rẹ̀, kò rí gbogbo èèyàn tó wà lórí ilẹ̀ náà bákan náà. Ó kọ́ díẹ̀ nínú èdè àwọn ọmọ onílẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀, ó jókòó tì wọ́n, ó darí iléeṣẹ́ ìjọba tó ń kọ àṣà wọn sílẹ̀ láti 1879 títí ó fi kú. Síbẹ̀, nígbà tí ìjọba rán òun àti ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ingalls lọ wádìí ọ̀rọ̀ wọn ní 1873, ìmọ̀ràn wọn ni pé kí wọ́n kó àwọn èèyàn náà jọ sí ilẹ̀ àyàsọ́tọ̀. Ẹni tó mọ bí omi ṣe yẹ kó jẹ́ ti àwọn tó ń mu ún kò fi irú ojú bẹ́ẹ̀ wo ẹni tó ti ń mu ún kí gbogbo wọn tó dé. Ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Bí ẹ bá dé etí ọ̀sà, àwọn apẹja tí ilé wọn kò ní ìwé lẹ máa kọ́kọ́ fẹ́ lé. Àwọn náà ló mọ oṣù tí omi ń yí àwọ̀ padà àti ibi tí iyanrìn tí wọ́n ń wà ti ń jẹ ilẹ̀. Ẹ bi wọ́n kí ẹ tó kọ nọ́ńbà sí ara ògiri wọn.

Nígbà tí wọ́n hó lé Powell lórí ní Los Angeles, owó rẹ̀ ti kéré, ọwọ́ tí wọ́n gé ń dùn ún, àwọn aṣòfin kò fẹ́ rí i mọ́. Kò dúró kí wọ́n tì í. Ní 1894 ó fi àga sílẹ̀ fún Charles Walcott, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, tó mọ bí a ṣe ń bá aṣòfin sọ̀rọ̀ lọ́nà tó yàtọ̀ sí tirẹ̀, ó sì di iṣẹ́ àṣà àwọn ọmọ onílẹ̀ mú títí ó fi kú ní 1902. Ọba mẹ́wàá, ìgbà mẹ́wàá: ohun tí sẹ́nẹ́tọ̀ kò fẹ́ gbọ́ lẹ́nu Méjọ̀, ó gbọ́ ọ lẹ́nu Walcott, pẹ̀lú àpò owó.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í mẹ́nu bà ni Embudo. Ní òpin 1888, Powell kó àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan lọ sí abúlé yìí ní New Mexico, létí odò Rio Grande, wọ́n pàgọ́ sínú òtútù, Frederick Newell sì ń darí wọn. Iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n mọ bí a ṣe ń wọn omi tó ń kọjá níwájú wọn: bó ṣe jìn tó, bó ṣe ń yára tó, ní ọjọ́ kan, ní ọjọ́ kejì, nígbà tí yìnyín bò ó àti nígbà tó yọ́. Kò sí ìwé tó sọ bí wọ́n ṣe máa ṣe é. Wọ́n ń ṣe é ni wọ́n ń kọ́ ọ. Òṣùwọ̀n tí wọ́n gbé kalẹ̀ níbẹ̀ ní 1889 ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tí iléeṣẹ́ náà ní, wọ́n sì ń ka omi níbẹ̀ di òní. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà wá fọwọ́ sí òfin ńlá lórí bíbomi rin ilẹ̀ gbígbẹ ní 1902, oṣù díẹ̀ kí Méjọ̀ tó kú, Newell ni wọ́n fi ṣe olórí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ iléeṣẹ́ tó ń rí sí i. Ẹni tó gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà ni Arthur Powell Davis, ọmọ arábìnrin Méjọ̀.

Nítorí náà, bí lẹ́tà ìyànsípò bá dé, ẹ wo inú bọ́jẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ tí wọ́n fún yín. Ẹ yọ owó mọ́tò ọ̀gá àgbà kan kúrò nínú rẹ̀, ẹ fi ra òṣùwọ̀n omi mẹ́rin sí orí odò tó wà lábẹ́ yín, ẹ sì gba ọmọ mẹ́rin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ parí yunifásítì láti máa kà á láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ẹ san owó oṣù wọn lásìkò. Ẹ máa bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n rí, kí orúkọ wọn sì wà lára ìwé tí ẹ bá gbé lọ síwájú gómìnà.